Irinṣẹ́ Tí O Ní Kí N Ṣà fún Ọ: Ti Ilé Ni, Àbí Ti Iṣẹ́?

Inísà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Kọ́láwọlé ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Ara wa le, bàbá rẹ wà dáadáa, ewúrẹ́ tó bímọ kí ẹ tó kó lọ sí Òkúkù ti tún lóyún. Mo ti kí ọ tán nìyẹn. Bí mo bá ní kí n máa kí ọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nínú lẹ́tà, ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi á tutù, mi ò sì fẹ́ kó tutù.

O pè mí lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tí mo ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkìrun. O ní, "Màámi, irinṣẹ́ wo ló dára tí kò sì wọ́n, tí èèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀?" Mo ní bẹ̀rẹ̀ kí ni? O rẹ́rìn-ín. O ní kí n bá ọ ṣa òòlù, ayùn, téèpù, ẹ̀mú, sùkúrúdíráfà àti ráńdà, kí n kó wọn fún Ráfíù awakọ̀ kó gbé wọn wá bá ọ. Mo tún ní, bẹ̀rẹ̀ kí ni, Kọ́lá? O ní, "Ẹ má jáyà, Màámi," fóònù sì kú. Láti ìgbà náà ni àyà mi ti ń já.

Ìwọ náà mọ̀ pé ìgbà tí o wà lẹ́yìn mi ni mo ti ń ta irinṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró níwájú ọjà mi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Ti ilé ni, àbí ti iṣẹ́?" Ohun tó tó ẹni tó fẹ́ gbé àwòrán ìgbéyàwó kọ́ ògiri kò lè tó ẹni tí yóò fi jẹun láràárọ̀. Gbogbo oníbàárà ló ń dá mi lóhùn, títí kan àwọn tí kò ní í rà. Ọmọ tí mo bí nìkan ló rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo pe ìyàwó mi, Bùnmi. Ó ní, "Màámi, mo rò pé ti ilé ni o. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa kì í pa dé dáadáa, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ pé àwọn máa tún un ṣe." Ọkàn mi balẹ̀. Mo sun oorun dáadáa. Ilẹ̀ mọ́, Ráfíù yà ní ṣọ́ọ̀bù láti wá ra wáyà tí yóò fi so bọ́mpà ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Kọ́lá, ẹ kú oríire o!" Mo ní oríire kí ni? Ó ní, "Mo rí bọ̀ọ̀dá tíṣà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan lọ́nà ọjà Òkúkù. Eruku pákó bo irun wọn bí ẹni tó ru àpò gàrí tó ya. Wọ́n ṣáà ń rẹ́rìn-ín." Mo jókòó sórí páálí ìṣó. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná kan ṣoṣo kì í da eruku tó bẹ́ẹ̀ sórí èèyàn.

Oṣù mélòó gan-an ni o tíì lò nídìí iṣẹ́ tíṣà tí a fi ààwẹ̀ wá? Ẹ ò tíì tú ẹrù yín tán. Mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ nígbà tó ti oko Ìbà dé. Ó fọ ẹsẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó wò mí. Ó ní, "Ọmọ ní kí o fún òun ní òòlù. Òòlù ni ò ń tà. Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?" Ó sì bèèrè oúnjẹ rẹ̀. Bí bàbá rẹ ṣe máa ń ràn mí lọ́wọ́ nìyẹn nígbà tí nǹkan bá rú mi lójú.

Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Lórí fóònù, igbe ni màá ké, ìwọ á tún rẹ́rìn-ín, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á sì bá wa parí ẹ̀. Nínú lẹ́tà, o ò ní lè já mi lẹ́nu. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ, màá gbà ọ́ nímọ̀ràn ti ilé, màá gbà ọ́ nímọ̀ràn ti iṣẹ́, kí o fúnra rẹ mú èyí tó bá kàn ọ́ níbẹ̀.

Èkíní, má ra àpótí oníke tí wọ́n to irinṣẹ́ oríṣiríṣi sí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù, mo lọ kó ọjà ní Ìbàdàn, ojú mi sì wọ àpótí wọ̀nyẹn. Wọ́n ń dán gbinrin, irinṣẹ́ inú ọ̀kan pọ̀ ju eyín ẹnu èèyàn lọ, owó rẹ̀ kò sì ju ti òòlù gidi kan lọ. Gbogbo owó ọwọ́ mi ni mo fi kó wọn. Wọ́n tà wàràwàrà, mo ń kọrin ìyìn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé lọ́kọ̀ọ̀kan bí adìyẹ tí ilẹ̀ ń ṣú bá. Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbí di sùkúrúdíráfà rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ìyá Kọ́lá, mo ní kí n yí súkúrù, sùkúrúdíráfà yín ló ń yí, súkúrù jókòó síbẹ̀ ó ń wò mí." Ojú tì mí gan-an lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ohun tí iṣẹ́ òní bá bèèrè ni kí o rà lónìí. Bí owó bá kéré, ra ẹyọ kan tó dára lóṣù yìí, kí o ra òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ti ilé, ó sì kan ti iṣẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí báyìí, orí mi ì bá má fọ́.

Èkejì ni òòlù. Má wo bó ṣe ń dán. Wo ibi tí igi rẹ̀ ti wọ inú irin. Kó kún ihò náà pinpin, kí wọ́n sì ti kan irin kékeré há a lórí. Gbé e sétí, mì ín. Bó bá dún, gbé e padà fún ẹni tó ń tà á, kódà bó jẹ́ èmi ni. Òòlù tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò gbó ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n wá fi igi tuntun sí níbí, ó sàn fún mi ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Irin àtijọ́ kò dán, ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn.

Kí o sì ra méjì. Mo gbọ́ ọ níbẹ̀ tí ò ń sọ pé owó ò tó, ìyá yìí tún fẹ́ tajà. Fi ara balẹ̀. Ọ̀kan ni tìrẹ, èkejì ni òòlù àyáni. Bí wọ́n bá gbọ́ kò-kò-kò nínú ilé rẹ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé o ní òòlù. Bàbá ìsàlẹ̀ ilé á rán ọmọ wá. Onílé á rán ọmọ wá. O ò lè sọ pé o ò ní, wọ́n ti gbọ́ ọ. O ò sì lè sọ pé o ò yá wọn, àlejò ni ẹ ní Òkúkù, ẹnu á sì máa kùn yín. Bàbá rẹ yá èèyàn ní òòlù mi tó dára jù nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, wọ́n fi fọ́ òkúta, wọ́n dá orí àti igi padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní ẹ ṣé o. Láti ìgbà náà ni mo ti ra olówó pọ́ọ́kú kan sílé fún yíyá.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ. Òòlù olówó pọ́ọ́kú yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa di òní olónìí. Gbogbo Inísà ti lò ó, kò tú, kò ṣẹ́. Èyí tó dára, tí mo tún fi owó gidi rà rọ́pò ti àkọ́kọ́, tí mo sì ń fi pamọ́ lábẹ́ ibùsùn, mi ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìyẹn. Mo ti rò ó títí, kò yé mi. Ìwọ ṣáà ra méjì.

Ẹ̀kẹta, téèpù. Èyí gan-an ni wàá fi mọ̀ pé ìyá rẹ ti gọ̀ rí. Mo kó páálí téèpù kan dé láti Ìbàdàn, mo ń yẹ̀ wọ́n wò, mo rí i pé irin kékeré tó tẹ̀ kọdọrọ lẹ́nu wọn ń mì. Ọ̀kan ń mì, èkejì ń mì, gbogbo wọn ń mì. Mo ní áà, wọ́n ti ta ọjà bíbàjẹ́ fún mi. Mo gbé òòlù, mo jókòó, mo lu ẹnu gbogbo wọn títí tí wọn ò fi mì mọ́. Mo tún ń yin ara mi pé orí mi pé. Kò pẹ́ sígbà náà ni káfíńtà kan láti Ìbà wọlé tòun ti téèpù lọ́wọ́.

Ó ní, "Ìyá Kọ́lá, ta ló fọwọ́ kan ẹnu téèpù yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, mo bá yín tún un ṣe."

Ó di orí mú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bá wa tún un ṣe mọ́. Wọ́n dìídì ṣe é kó máa mì ni. Tá a bá fi kọ́ etí pákó tá a fà á, á sún jáde. Tá a bá tì í mọ́ ògiri, á sún wọlé. Ìyẹn ni ìwọ̀n ṣe máa ń bára mu. Fèrèsé mi ò wọ ihò ẹ̀ mọ́ o."

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tajà, èrò mi ni pé ohun tó bá ń mì ti bàjẹ́ nìyẹn. Nísinsin yìí, bí mo bá rí ohun tó ń mì, mo máa ń bèèrè ìdí tó fi ń mì kí n tó gbé òòlù. Bí mo ṣe ń kọ èyí ni mo ń rò ó pé bóyá ó yẹ kí n ti bi ọ́ bẹ́ẹ̀ ní pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́, o sì rẹ́rìn-ín, nítorí náà ẹ̀bi ọ̀hún kì í ṣe tèmi nìkan.

Ayùn ló kàn. Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́, bàbá rẹ ń bi mí ibi tí ṣíbí rẹ̀ wà. Gbé ayùn sójú bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn, wo gbogbo gígùn rẹ̀ bó bá gún. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí o jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá nà padà fúnra rẹ̀, má rà á. Lẹ́yìn náà, wo eyín rẹ̀. Èyí tí ẹnu eyín rẹ̀ dúdú bí ẹni pé iná jó o, ó mú gan-an, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n fáìlì kì í ràn án. Bó bá kú, ó kú nìyẹn. Bó bá jẹ́ ti ilé ni, òun ni kí o rà, nítorí kí o tó gé igi tí yóò pa á, Bùnmi á ti dìyá àgbà. Bó bá jẹ́ ti iṣẹ́ ni, má wo ojú rẹ̀ rárá. Ra èyí tí eyín rẹ̀ funfun, tó ṣe é fi fáìlì pọ́n, kí o sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Ṣé o rí bí ìdáhùn rẹ ṣe ṣe pàtàkì tó? Ayùn méjì ló wà níwájú mi báyìí, mi ò mọ èyí tí n ó dì.

Ẹ̀mú: pa ẹnu rẹ̀ dé, gbé e sókè sí oòrùn. Bí o bá rí ìmọ́lẹ̀ níbi tó yẹ kó ti máa gé wáyà, kò ní í gé nǹkan kan. Sùkúrúdíráfà: ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ àti ẹlẹ́nu ìràwọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti tó fún ilé. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí, má sì fi ṣeré. Ohunkóhun tí yóò bá fọwọ́ kan iná mànàmáná, yálà ẹ̀mú ni o, yálà tẹ́sítà tí wọ́n fi ń wò bóyá iná wà lára wáyà ni o, má bá mi wá olówó pọ́ọ́kú níbẹ̀. Òòlù burúkú á fi ọ́ ṣẹ̀sín ni. Tẹ́sítà burúkú kì í fi èèyàn ṣẹ̀sín. Bí owó ò bá tó, fi sílẹ̀, pe oníná.

Ráńdà ni mo ti ń sá fún láti àárọ̀. Kọ́lá, láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà, mi ò rí ẹni tó ra ráńdà fún ilé rí. Kí ni ilé fẹ́ fi ráńdà ṣe? Bí ilẹ̀kùn kò bá pa dé, wọ́n á pe káfíńtà, á fá ẹnu rẹ̀ díẹ̀, á gbowó, á lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ráńdà tara rẹ̀ fẹ́ fá pákó lónìí, lọ́la, àti lọ́túnla. Ìyẹn ni mo fi gbà pé ti iṣẹ́ ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún bí ìgbà tí wọ́n fi ń se ẹyin. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà kì í ra irinṣẹ́. Irinṣẹ́ ọ̀gá ló ń lò títí di ọjọ́ fíríìdọ̀mù. Ìwọ kò tíì gba fíríìdọ̀mù, o ń ra ráńdà. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Òkúkù gan-an?

Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Mi ò ní fi í pa mọ́ fún ọ. Mo ta òòlù kí ìwọ má baà fi òòlù jẹun. Ìṣó tí mo ń wọ̀n ní kílò-kílò yìí ló gbé ọ dé yunifásítì. Mo rí àwọn oníbàárà mi, mo rí ọwọ́ wọn tó le bí ẹ̀yìn ahun, mo rí bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀gbẹ́ mú bí wọ́n bá fẹ́ dìde. Mo wá sọ fún ara mi pé tèmi ò ní í rí bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ló máa dì mú. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún yí ojú sí apá kejì, káfíńtà tó ń ra ọjà jù lọ́wọ́ mi ní Ìkìrun ti kọ́ ilé alájà, ọmọ rẹ̀ ń kí mi nínú mọ́tò. Tíṣà tó kọ́ ọ ní álífábẹ́ẹ̀tì ṣì máa ń ní kí n fi ìṣó díẹ̀ sí i fún òun nítorí Ọlọ́run. Òótọ́ ni méjèèjì, wọ́n sì ń bá ara wọn jà nínú orí mi. Mo gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí pé kí Olúwa fi èyí tó tọ́ hàn mí. Kò tíì fi nǹkan kan hàn mí. Bóyá Òun náà ń retí kí o dá wa lóhùn.

Nísinsin yìí, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe lánàá fún ọ, kí o má gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ, nítorí ó wà níbẹ̀. Páálí kan wà lábẹ́ tábìlì mi nílé tí mo ń kó irinṣẹ́ tí wọ́n bá dá padà sí. Mo fa páálí náà jáde. Mo ṣa òòlù tí orí rẹ̀ ń mì. Mo mú ayùn tó tẹ̀ tí kò nà, àti ráńdà tí irin rẹ̀ kì í jókòó síbi tí èèyàn bá fi í sí. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, mo so ẹnu rẹ̀. Èrò mi ni pé bí o bá fá pákó fún ọjọ́ mélòó kan, tí irinṣẹ́ ń já ọ kulẹ̀, tí ọwọ́ rẹ lé ròrò, wàá ní iṣẹ́ yìí ò ṣe é ṣe, wàá sì padà sídìí ṣọ́ọ̀kì rẹ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá rẹ wo àpò náà, ó wo ojú mi. Ó kàn tú òòlù yẹn jáde, ó mì í létí mi, ó sì gbé e kalẹ̀.

Ariwo kékeré yẹn ló rán mi létí bàbá kan láti Ìgbayè. Láyé ìgbà yẹn, bí oníbàárà bá fẹ́ ra òòlù, a máa ń gbá méjì mọ́ra wọn, kó lè gbọ́ èyí tí irin rẹ̀ dún ketekete. Gbogbo wa la ń ṣe é nínú ọjà, a ò mọ̀ pé ewu ni. Mo gbá méjì fún bàbá yìí, irin bíńtín fò kúrò lẹ́nu ọ̀kan, ó sì gún un lábẹ́ ojú. Ẹ̀jẹ̀ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bó bá gòkè díẹ̀ sí i ni, ojú náà ni ì bá mú lọ. Ó ní, "Ẹ má jáyà, ìyá, kò wọ ojú," èmi ni mo sì ń sunkún bí ẹni tí wọ́n gún. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbá òòlù mọ́ òòlù mọ́. Ìwọ náà ò gbọdọ̀ ṣe é, bí ẹlòmíràn bá sì fẹ́ ṣe é níwájú rẹ, yí ojú kúrò.

Mo wá bi ara mi pé, bí orí òòlù tí mo dì fún ọ bá fò yọ ńkọ́? Ta ló máa dúró níwájú rẹ? Bùnmi ni. Mo tú àpò náà palẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi sí ọ, torí bí o bá ti dá mi lóhùn lọ́jọ́ Ẹtì ni, ǹ bá má dé ibi tí mo dé yẹn.

Nítorí náà, àwọn ohun tí wàá bá nínú àpò tí Ráfíù gbé wá ni gbogbo èyí tó dára jù nínú ọjà mi. Tòkunbọ̀ ni òòlù, mo fúnra mi gbé e sétí. Òòlù àyáni kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Ayùn eléyín funfun ni mo mú, fáìlì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ráńdà yẹn, ọkùnrin kan tó fẹ̀yìn tì ló tà á fún mi, irin rẹ̀ wúwo, mo sì ti fi òróró pa á. Ìrònú mi ò ju báyìí lọ: ohun tó dára fún iṣẹ́ lè ṣe ti ilé, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ti ilé nìkan kò lè ṣe ti iṣẹ́. Kì í ṣe pé mo ti gbà. Mi ò gbà. Kò sì yé mi síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ti iṣẹ́ ni, má tíì kọ̀wé fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Lọ kọ́ ọ pátápátá lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí. Bí ọ̀gá tó ń kọ́ ọ bá tiẹ̀ kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, ọ̀gá ni. Dọ̀bálẹ̀ kí i láràárọ̀, kí o sì gbá eruku ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, má ní ẹni tó ní dìgíríì kì í gbé ìgbálẹ̀. Má sì fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ìyàwó mi. Bí ó bá jẹ́ pé òun náà ṣì ń rò pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni, kí o sọ fún un kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, torí pé ó dùn mí láti gbọ́ nǹkan lẹ́nu awakọ̀.

Bó bá jẹ́ ti ilé ni, tún ilẹ̀kùn Bùnmi ṣe, kí o fọ irun rẹ, kí o sì jẹ́ kí n sinmi. Bó bá jẹ́ ti iṣẹ́ ni, má fi fóònù sọ ọ́ fún mi. Àga àkọ́kọ́ tí o bá kàn, bó ti wù kó wọ́ tó, má tà á fún ẹnikẹ́ni. Gbé e sílẹ̀ dè mí. Màá wọkọ̀ wá sí Òkúkù, màá jókòó lé àga náà lórí, orí rẹ̀ ni màá sì wà tí màá fi bínú sí ọ dáadáa.

Ìyá rẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ kò yé,
Àbẹ̀kẹ́.